Ìgò Kẹtàlá

Ìgò méjìlá ni mo kó wá sí Ìsánlú.
Mo ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo lẹ bébà mọ́ wọn lára,
mo kọ ọjọ́, mo kọ wákàtí,
mo kọ orúkọ odò: Ìsẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oko Arókoyọ̀.
Omi náà pọ́n bí ẹ̀kọ bàbà.

Lókè odò, àwọn ọmọkùnrin ń wa góòlù.
Ẹ̀rọ ìfami wọn ń wúkọ́ bí àgbà tí kò sùn,
wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń da mẹ́kúrì sí i,
oje fàdákà tí kì í dúró lójú kan.
Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí mi: "Òkun o, dókítà omi!"
Mo dá a lóhùn. A jọ kàwé ní pámárì ni.
Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Ìyé Àgbà jókòó sórí àpáta tí wọ́n ti ń fọṣọ rí,
ó ń wò mí bí ẹni ń wo adìyẹ tó ń lúwẹ̀ẹ́.
"Kí lo kì bọnú ẹ̀ yẹn?"
"Ẹ̀rọ ni, Ìyé. Ó máa sọ bóyá omi ti kan."
"Ìwọ ò wá ní ahọ́n ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.
"Akàn ló kọ́kọ́ lọ. Ìgbín odò tẹ̀ lé e.
Lọ́dún tí ọ̀pọ̀lọ́ ò ké lálẹ́ òjò àkọ́rọ̀,
mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.
Ta ni mo fẹ́ kọ̀wé sí?"

Mi ò rí ibi kọ ìyẹn sí.
Kò sí àyè ọ̀pọ̀lọ́ nínú ìwé tí wọ́n fún mi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan létíkun, níbi ẹnu odò,
níbi tí omi dídùn àti omi iyọ̀ ti ń du bèbè mọ́ra wọn lọ́wọ́.
Òun náà ń bu omi sígò.
Lóru, lórí fóònù, a máa ń ka òǹkà síra wa létí
bí ẹni ń ka gbèsè.
Ohun tí mo rí lónìí lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀:
Ìsẹ̀rẹ̀ á wọ Kámpè, Kámpè á wọ Ọya,
Ọya ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹrù sílẹ̀ lójú ọ̀nà.
Àwa tí à ń kíra wa ní "Òkun o" láàárọ̀,
tí ọ̀pọ̀ wa ò fojú kan òkun rí,
àṣé ojoojúmọ́ là ń ránṣẹ́ sí i.

Olùkọ́ mi béèrè: "Báwo ni omi náà ṣe rí tẹ́lẹ̀?"
Kò sí ìwé. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Mo gbé ìbéèrè náà délé.
Ìyé Àgbà dìde, ó wọ yàrá, ó pẹ́.
Mo gbọ́ tí ìdérí àpótí ń han.
Ó gbé ìgò kan jáde, ìgò ọtí òyìnbó àtijọ́,
ìda ni wọ́n fi dí i lẹ́nu.
"Omi Ìsẹ̀rẹ̀ ni. Ó ṣẹ́kù nínú agbè
lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ mi wọlé ọkọ.
Má bi mí nídìí. Ọmọge ni mí, omi náà wù mí."

Mo gbé e sókè sí iná àtùpà.
Ó mọ́ débi pé mo rí ìlà ọwọ́ mi lódìkejì.
Mo mọ ohun tí olùkọ́ mi máa wí:
omi ọgọ́ta ọdún kì í ṣe ẹ̀rí,
ìgò á ti tú nǹkan sínú ẹ̀, ìda náà ńkọ́?
Òótọ́ ni.

Síbẹ̀ mo gé bébà, mo kọ ọ́ sí i: Ìkẹtàlá.
Níbi tí a ti ń kọ wákàtí, mo kọ:
ìrọ̀lẹ́, ìyàwó ti dé.
Mi ò ṣí i.
Ìyé Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìborùn nù ún,
ó wá bi mí bóyá mo ra omi inú ọ̀rá bọ̀,
torí òùngbẹ ti ń gbẹ òun láti àárọ̀.